Táìlì Balùwẹ̀ Dona Felisbela Tó Bọ́ Síta

Kì í ṣe àná ni ẹjọ́ yìí wọ ààfin, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì jẹ́ ká jẹun dáadáa. Ẹ má sì retí ààfin ńlá. Ààfin tiwa ní Vale de Urzes, ìlú kékeré wa lórí òkè, kò ju yàrá kan lọ, lókè ilé ọtí, tí òórùn ẹja oníyọ̀ máa ń gba àárín pákó gòkè wá bá ìgbìmọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń dájọ́. Belarmino olóyin ni Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti dìbò yàn án. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù wá lọ, ẹjọ́ ló fẹ́ràn, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Dona Felisbela tó pe ẹjọ́ ti jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ (Dona là ń pe àgbà obìnrin ní ọ̀dọ̀ wa). Opó ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò wà lórí itan rẹ̀. Kò fẹnu kan kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lucília, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí gbogbo ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ṣe máa ń dé lóṣù Kẹjọ. Lucília yìí ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló ń wá kó tó gbé e lọ síbẹ̀, ẹ̀rí pé orí Màmá kò pé mọ́. Ẹ̀rí náà sì ti wà lójú títì báyìí, ó ń kọ yànrànyànràn. Ẹ̀rù ń ba Dona Felisbela gan-an, ṣùgbọ́n ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó wá gba oyè.

Baálẹ̀ fi ìdí ìgò oyin lu tábìlì.

"Ta ló pè wá jọ?"

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"Ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

"Zeferino onítáìlì. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń ṣe bí ẹni pé ìkíni ló wá kí yín."

Zeferino dìde, ó ṣí fìlà. Ọkùnrin tó tóbi ni, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ilé, sìmẹ́ǹtì ò sì kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Kò sí òpópónà kan nílùú wa tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, iwájú ilé là ń fi táìlì wọ̀ láṣọ. Bàbá wa ṣe é, bàbá bàbá wa ṣe é. Ti pé kéèyàn tẹ́ táìlì olówó ńlá sínú balùwẹ̀, ọ̀làjú tuntun nìyẹn.

"Ó dáa," Baálẹ̀ ní. "Dona Felisbela, kí ló fi yín ṣe?"

"Mo ra táìlì balùwẹ̀, Baálẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fọwọ́ pa gbogbo èyí tí wọ́n pàtẹ níbẹ̀ títí ọmọ tó ń tajà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Mo mú èyí tó fẹ̀ jù, ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, ọgọ́ta ní òró, funfun báláú. Ó ń dán débi pé mo rí eyín mi nínú rẹ̀."

"Eyín mélòó?"

"Gbogbo èyí tó kù."

"Ẹ máa bá a lọ."

"Mo fún Zeferino ní kọ́kọ́rọ́ ilé, mo lọ síbi omi gbígbóná lọ rẹ orúnkún mi fún ọjọ́ mẹ́jọ, bí mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo wá ilé mi tì."

"Ẹ wá a tì báwo? Ṣé ó rìn ni?"

"Ilé tí mo fi sílẹ̀, ẹfun ni wọ́n fi kùn ún. Èyí tí mo bá ń kọ mànà bí ojú omi. Ìyá arúgbó kan tó wọ dúdú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí tìfuratìfura. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní, 'Ta lẹ̀ ń wá nílé mi?' Òun náà la ẹnu sí mi."

"Ta wá ni?"

"Èmi ni, Baálẹ̀! Èmi ni mo wà nínú táìlì! Gbogbo táìlì balùwẹ̀ mi pátá ni Zeferino ti lẹ̀ mọ́ iwájú ilé!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ lu ìgò oyin mọ́lẹ̀ títí ìdérí rẹ̀ fi tú.

"Balùwẹ̀ ńkọ́? Ṣé òfìfo ló fi í sílẹ̀?"

"Ó tẹ́ nǹkan síbẹ̀. Kéékèèké báyìí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Kò dán rárá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ẹ̀wà. Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ológbò ń lá mi látẹ́lẹsẹ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe?"

"Kó tú u, kó dá a padà síbi tí mo ní kó tẹ́ ẹ sí. Mo sì ń fẹ́ ìwé tó ní òǹtẹ̀, pé kì í ṣe èmi ni mo gbé táìlì balùwẹ̀ síta. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí Lucília bá sọ̀ nínú mọ́tò tó rí ilé, ẹ mọ ohun tó máa sọ? Á ní, 'Màmá ti ń gbé balùwẹ̀ síta, ó ku kó máa wẹ̀ lójú títì.' Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti wà ní ilé arúgbó, wọ́n á máa fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ilé mi ni mo fẹ́ kú sí, Baálẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Dona Quitéria, akọ̀wé ìgbìmọ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òun tiẹ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé, ó sì ń bá ìdajì náà wí títí dòní.

Baálẹ̀ yíjú sí onítáìlì.

"Zeferino, ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Baálẹ̀. Ẹ sì wo bó ṣe gún! Ẹ gbé okùn lé e wò!"

"Mi ò bi ọ́ nípa gígún. Ṣé o mọ balùwẹ̀ tó o bá rí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o mọ iwájú ilé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbé fún ọ?"

"Balùwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àánú táìlì náà ló ṣe mí."

"Àánú kí ni?"

"Àánú táìlì, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fọkàn bá a ro ó. Táìlì tó gbéra láti etí òkun, tó gun gbogbo òkè yìí wá nínú ọkọ̀, tí kò sán, tí kò fọ́, tó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Kí n wá tì í mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé, kó máa wo opó tó ń wẹ̀ títí ayé? Kí ló ṣẹ̀?"

"Kí ni opó tó ń wẹ̀ fi ṣe ẹ́?" Dona Felisbela kígbe.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu ara yín. Lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilẹ̀, ẹ ní, 'Zeferino, mo fẹ́ kí Ermelinda òdìkejì rí i kí ikùn rẹ̀ run.' Mo ní hẹn. Mo délé, mo rò ó. Ṣé Ermelinda máa ń bá yín wẹ̀ ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ermelinda dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ẹ gbọ́ ọ? Bó bá wà nínú balùwẹ̀, ọ̀nà wo ni ikùn rẹ̀ á gbà run? Ta ló ń wọ aṣọ ọdún sùn? Ìta ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ."

Àwọn kan mi orí pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlú wa nìyẹn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ wá, bó bá ti fara jọ ohun tí bàbá wa ń ṣe, a ó gbà á.

Baálẹ̀ ní kí ẹlẹ́rìí olùpẹ̀jọ́ bọ́ síwájú. Ermelinda náà ni. Ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé Dona Felisbela tààràtà, ogójì ọdún sì rèé tí àwọn méjèèjì ti ń wo aṣọ tí ẹnì kejì bá sá sórí okùn.

"Baálẹ̀, mi ò rí oorun sùn mọ́," ó ní. "Láàárọ̀ kùtù, bí oòrùn bá ti yọ, á bọ́ sórí táìlì yẹn, á ta gba fèrèsé wọlé, á bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, á gbá mi lójú."

Dona Quitéria gbé kálámù sókè. "Láàárọ̀?"

"Láàárọ̀ kùtù, tíṣà."

"Ilé Felisbela kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Mo kọ́ ẹ ní ibi tí oòrùn ti ń yọ, Ermelinda, ní kíláàsì kejì."

"Ó lè jẹ́ nírọ̀lẹ́."

"Kí lo ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì nírọ̀lẹ́?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ fi tèmi sílẹ̀, ti àkùkọ mi ńkọ́? Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bá àkùkọ inú táìlì jà. Kò jẹun, kò kọ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di ibẹ̀."

"Ta ló ń borí?" Baálẹ̀ béèrè.

"Títí di àárọ̀ yìí, ọ̀mì ni."

"Nítorí náà, ẹ fẹ́ kí wọ́n tú táìlì náà."

Ermelinda wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Kí wọ́n tú kí ni? Ta ló ní kí wọ́n tú u?"

"Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ráhùn."

"Mò ń ráhùn, ṣé mo ní kí wọ́n tú u ni? Ibẹ̀ ni mo ti ń tún ìborí mi ṣe kí n tó lọ sí Máàsì. Àwọn ọmọge ń kun ètè níbẹ̀. Àlùfáà pàápàá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wo eyín rẹ̀."

"Ermelinda," Dona Felisbela ní, "ẹlẹ́rìí ta ni ẹ́ gan-an?"

"Ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni mí. Bí òtítọ́ bá ṣe ń lọ ni mò ń tẹ̀ lé e."

Zeferino rí i pé ọjà fẹ́ tà fún òun. Ó ní òun náà ní ẹlẹ́rìí. Ó pe Odete, ìyàwó rẹ̀, pé kó wá jẹ́rìí ìwà òun. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ọkùnrin tó bá ní làákàyè kì í pe ìyàwó ilé rẹ̀ wá jẹ́rìí ìwà.

"Odete, sọ fún wọn. Ṣé mo máa ń fi iṣẹ́ ṣeré?"

"Rárá o. Kì í fi iṣẹ́ ṣeré, Baálẹ̀. Ní ilé onílé."

"Ní ilé tiyín ńkọ́?"

"Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń sọ pé òun máa tẹ́ táìlì sí balùwẹ̀ wa. Bí ó bá jí lónìí, á ní ńlá ló dáa. Lọ́la, á ní kékeré. Lọ́túnla, á ní ẹ jẹ́ ká wo èyí tí kò dán. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni mò ń wẹ̀ títí di òní olónìí. Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi fá a dán."

"Odete, ìwà mi ni mo ní kó o sọ!"

"Mi ò tíì débẹ̀. Baálẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ Dona Felisbela."

"Odete!"

"Ó wọlé, ó jókòó, ó ní, 'Mo ti gba egungun obìnrin kan là lónìí, kò sì gbọdọ̀ mọ̀.'"

Ní ìsàlẹ̀, a gbọ́ tí wọ́n ń fọ ife nílé ọtí.

"Zeferino," Baálẹ̀ ní, "kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

Zeferino ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tó ti ń ròkè tẹ́lẹ̀ wálẹ̀.

"Baálẹ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí Màmá wá yan táìlì. Mo wà lẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì, wọn ò rí mi. Wọ́n tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí oníbàárà lè tẹ̀ ẹ́ wò. Màmá gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọ̀pá wọn lọ sápá kan, ẹsẹ̀ wọn lọ sápá kejì. Ọlọ́run ló ní kí ògiri wà nítòsí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn yẹ̀rì wọn, wọ́n ní, 'Èyí ni mo fẹ́.' Táìlì ńlá, dídán, lórí ilẹ̀ balùwẹ̀, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú ọṣẹ! Ṣé onítáìlì ni mí àbí agbẹ́lẹ̀ òkú? Táìlì kékeré ni ilẹ̀ balùwẹ̀ ń fẹ́. Ìlà tó wà láàárín táìlì kan àti èkejì pọ̀, ẹsẹ̀ á rí nǹkan dì mú, omi á sì rí ọ̀nà ṣàn lọ síbi ihò. Mo wá gbé èyí tó ń yọ̀ lọ síbi tí ẹnì kankan ò ti ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń rìn lórí ògiri?"

"Kí wá ni gbogbo irọ́ àánú táìlì tí o ń pa fún wa látàárọ̀?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ pè mí ní wèrè ju kí n sọ fún Dona Felisbela lójú pé ẹsẹ̀ wọn ò dúró mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún wọn wò."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọmọlúàbí ni Zeferino. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú sì yí sí ẹsẹ̀ Dona Felisbela, wọ́n ń wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ màlúù lọ́jà. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó wá síbí láti gba ìwé pé orí òun pé, ó wá rí i pé ẹjọ́ tóun fúnra òun pè ló fẹ́ gbé òun lọ sí ilé arúgbó.

"Akọ̀wé," Baálẹ̀ ní, "kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ Dona Felisbela…"

"Ẹ má kọ ọ́! Táìlì yẹn ò yọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti fi epo nù ún."

"Kò sí epo kankan," Zeferino ní.

"Ẹ jẹ́ n gùn ún níbí, kí gbogbo yín rí i!"

Baálẹ̀ ní rárá, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa dán an wò. Wọ́n gbé ọ̀kan tó ṣẹ́kù wá láti inú ọkọ̀ Zeferino, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín yàrá, wọ́n da omi ọṣẹ lé e lórí. Belarmino bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní ihò níwájú, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ńlá yọ jáde, ó kí wa. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé táìlì, ó gbé èkejì lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní. "Bí èèyàn bá ti fara balẹ̀…"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣíwájú, ó ṣẹ́yìn, ó gbá tábìlì, ó wá jókòó lé Dona Quitéria lẹ́sẹ̀.

"Belarmino, dìde lórí mi."

"Mò ń gbìyànjú, tíṣà."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń yọ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń yọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Dona Felisbela nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó ń yọ̀," ó ní. "Ta ló ṣubú lé e lórí kó tó kan Baálẹ̀? Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ nígbà tí ìdí mi ń lọ sílẹ̀ ni?"

Ó ṣí àpò rẹ̀, ó fa nǹkan kan tí wọ́n ká jáde, ó tú u sórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀. Rọ́bà ni, aláwọ̀ ewé, tó gùn tó ènìyàn.

"Kí lèyí?" Baálẹ̀ bi í.

"Rọ́bà balùwẹ̀. Ó ní ẹnu kéékèèké lábẹ́, á fa ilẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Ọjọ́ tí mo ra táìlì náà ni mo rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ibi tí ẹsẹ̀ mi máa wà, rọ́bà ni. Ibi tí ojú mi máa wà, dídán ni. Mo ti rò ó, mo ti wọ̀n ọ́n. Zeferino, ìwọ tó wà lẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì, ṣé o rí mi nígbà tí mò ń san owó rọ́bà?"

"Rárá, Màmá. Mo ti sá jáde."

"Ṣé o bi mí léèrè?"

"Rárá, Màmá."

"Ta ló bi mí?" Ó wo gbogbo wa yíká. "Ọmọ mi yan dókítà fún mi. Ó yan fóònù fún mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó ti yan bẹ́ẹ̀dì tí màá kú sí ní ilé arúgbó, ó tún fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ṣé ó wù mí. Mo ní ẹ jẹ́ kí n yan táìlì kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Mo dé, mo bá a pé ẹ ti yan ìyẹn náà."

Ó jókòó. Ermelinda, tí kò sọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ láti ogójì ọdún, nu imú rẹ̀. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó pẹ́ kó tó so okùn rẹ̀ tán. Àánú ìyá yìí ṣe wá, ojú sì tì wá, nítorí pé kò sí ẹni tí kò ní ìyá tàbí àǹtí tó ti yan nǹkan fún láì bi í.

Baálẹ̀ àti Dona Quitéria forí korí. Quitéria ló ń sọ, Belarmino ń mi orí. Lẹ́yìn náà Baálẹ̀ dìde, ó rọra yí táìlì ilẹ̀ náà ká kó má baà tún gbé e.

"Zeferino, ohun tí o ṣe dára."

Zeferino rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Pa ẹnu dé, mi ò tíì tán. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ láti ṣe. Bí ẹnì kan bá di apá mi mú tó fi ipá rọ oyin sí mi lẹ́nu, òótọ́ ni, oyin ni. Ṣùgbọ́n màá bù ú níka jẹ. Táìlì iwájú ilé kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí pé bí a bá ní ká tú u, fífọ́ ni yóò fọ́, àlùfáà kò sì ní ríbi wo eyín mọ́. Ìjà àkùkọ Ermelinda, kí ẹnikẹ́ni má là á, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Akọ̀wé, kọ ìwé Dona Felisbela. Kọ ọ́ pé Dona Felisbela fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan táìlì ìta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ti inú. Òun ló yan rọ́bà pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ sì yẹ orí rẹ̀ wò, ó pé ju ti ìgbìmọ̀ lọ, nítorí pé nínú gbogbo wa, òun nìkan ló rántí rọ́bà. Lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Irọ́ nìyẹn, Baálẹ̀," Dona Felisbela ní. "Èmi kọ́ ni mo yan ti ìta. Ohun tí mo wá sọ níbí nìyẹn."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ òótọ́, kí Lucília jókòó kà á?"

Dona Felisbela ronú díẹ̀.

"Ẹ lu òǹtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní.

"Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun mìíràn fún Lucília," Baálẹ̀ ní, ojú rẹ̀ wà lára Ermelinda, "á wá bá mi ṣí ilé oyin lóṣù Kẹsàn-án láì wọ ìbọ̀wọ́."

Ermelinda fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Ó wá ku ìyà Zeferino. Zeferino, o yan fún un láì bi í. Òun náà á yan fún ọ láì bi ọ́. Balùwẹ̀ rẹ tó ti wà ní sìmẹ́ǹtì láti ọdún mọ́kànlá, Dona Felisbela ni yóò sọ bí táìlì ibẹ̀ á ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, àti bóyá kó dán tàbí kó má dán. Ìwọ á rà á, ìwọ á tẹ́ ẹ, ìwọ á sì máa wẹ̀ níbẹ̀. O ò gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó, o ò gbọdọ̀ kun nǹkan lé e, títí ọjọ́ tí wọ́n á fi gbé ọ jáde."

Odete fò sókè, ó di mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń kígbe pé, "Baálẹ̀, ẹ pa mí o! Màmá ò fẹ́ràn mi mọ́, wọ́n á yan aláwọ̀ òṣùmàrè fún mi!"

Dona Felisbela kò kánjú. Ó wo Zeferino láti orí dé ikùn, láti ikùn dé bàtà, bó ṣe wo táìlì ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

"Ilẹ̀," ó ní. "Kékeré. Èyí tí kò dán, tó ń lá ẹsẹ̀ bí ológbò. Mi ò fẹ́ pa ọkọ ọlọ́kọ."

Zeferino mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an."

"Mi ò tíì dé ara ògiri. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ilẹ̀ dé òkè: ńlá, ọgọ́ta sí ọgọ́ta, dúdú, èyí tó ń dán jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Kó sì tẹ́ ẹ sí òkè àjà pẹ̀lú."

"Òkè àjà kẹ̀? Màmá, ibikíbi tí mo bá kọjú sí, ara mi ni màá máa rí!"

"Níhòòhò," Dona Felisbela ní. "Lójoojúmọ́. Kí o lè mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá bọ́ èèyàn síhòòhò lójú gbogbo ìlú, tí ẹnì kankan ò sì bi í."

Dona Quitéria kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún Zeferino.